Ọ̀já Oníná ní Ọrùn Ajá Ilé

Ọ̀rọ̀ inú ilé ni a sábà máa ń gbé wá sí ojú ewé yìí: ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya, ọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ àna, ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé tí kì í tó. Lọ́tẹ̀ yìí, ajá ni ó gbé ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn kan nínú wa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí a gbọ́ pé tọkọtaya kan kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún odindi ọjọ́ mẹ́ta nítorí ohun tí wọ́n fẹ́ so mọ́ ajá lọ́rùn. Nígbà tí a gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu wa, nítorí a rí i pé ọmọ kékeré kan wà ní àárín rẹ̀.

Doguè ni wọ́n ń gbé, ní ilẹ̀ Bassila tiwa, ní ìhà tí kò jìnnà sí igbó ìjọba Monts Kouffé. A kò ní dárúkọ wọn, nítorí àwọn ọmọ wọn ń ka ìwé ìròyìn yìí, àwọn ọ̀rẹ́ àwọn ọmọ náà sì ń kà á pẹ̀lú. Ọkọ ń gbin iṣu, ó sì ní oko kajú. Ìyàwó ń ta wàgáṣì ní ọjọ́ ọjà. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí, èyí tí ó kéré jù nínú wọn jẹ́ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ajá wọn jẹ́ akọ, pupa, onírun kúkúrú, irú ajá ilẹ̀ wa tí ìrù rẹ̀ ká sí ẹ̀yìn, tí kì í gbó láìnídìí. Bí ó bá wà lóko, ọ̀bọ kì í sún mọ́ àgbàdo. Bí ó bá wà nílé, àlejò kò lè wọlé lóru kí onílé má mọ̀. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, gbogbo wọn, títí kan ọkọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i nídìí rẹ̀.

Àléébù kan ṣoṣo ni ajá náà ní. Àgùntàn tí ó bá dúró jẹ́ẹ́, kò kàn án. Àgùntàn tí ó bá sáré, ó ti di ẹran ìgbẹ́ lójú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè pè é padà. Lọ́jọ́ kan ó pa ọ̀dọ́ àgùntàn aládùúgbò wọn kan, Fúlàní tí ó ti ń bá wọn gbé láti ọdún pípẹ́. Ọkọ san owó, ọ̀rọ̀ tán. Kò pẹ́, ajá náà tún bu òmíràn jẹ ní itan. Ọkọ tún san owó. Lọ́tẹ̀ kejì yìí, ẹni tí ó ni ẹran gba owó náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì sọ pé òun kò ní gba owó nígbà kẹta. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá dàgbà ní abúlé mọ ohun tí gbólóhùn yẹn túmọ̀ sí: májèlé tí a fi sínú ẹran ni, tàbí ìbọn, ọ̀rẹ́ ọdún pípẹ́ náà sì lè bá a lọ. Ní ìhà tiwa, níbi tí àgbẹ̀ àti darandaran ti ń mu omi kan náà, ajá kan ṣoṣo lè tú ohun tí bàbá méjì fi ogún ọdún so.

Ìdí nìyí tí ọkọ fi ké sí àbúrò rẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Faransé. Àbúrò ní kí ẹ̀gbọ́n òun fọkàn balẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ẹnìkan tí ń bọ̀ wálé mú páálí kékeré kan wá. Ọ̀já ọrùn ajá ni ó wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní collier de dressage.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò rí i rí. Ó dà bí ọ̀já ọrùn ajá gbogbo, ṣùgbọ́n àpótí kékeré kan wà lára rẹ̀ tí bátìrì wà nínú rẹ̀. Irin kúkúrú méjì yọ jáde lára àpótí náà bí eyín. Àwọn ni ó máa ń kan awọ ọrùn ajá. Ẹni tí ó ni ajá á mú ẹ̀rọ kan lọ́wọ́, bí èyí tí a fi ń yí tẹlifíṣọ̀n láti orí àga. Bí ó bá tẹ bọ́tìnnì kan, ọ̀já á dún. Bí ó bá tẹ èkejì, á gbọ̀n bí tẹlifóònù. Bí ó bá tẹ ẹ̀kẹta, kúrán á gba àárín irin méjèèjì kọjá lára ajá. Nọ́ńbà wà níbẹ̀ tí a fi ń mú un le tàbí tí a fi ń dín in kù. Irú mìíràn wà tí kò nílò ọwọ́ ènìyàn rárá: bí ajá bá gbó, ọ̀fun rẹ̀ á mì, ọ̀já á sì ta á fúnra rẹ̀. Irú kẹta ń bá wáyà tí a rì mọ́lẹ̀ yí ilé ká ṣiṣẹ́, kí ajá má baà kọjá ààlà.

Ọkọ fi pánẹ́ẹ̀lì oòrùn gba iná sí i, inú rẹ̀ sì dùn. Ìyàwó mú ohun náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó fi ìka kan àwọn irin méjèèjì.

“Bàbá àwọn ọmọ, ẹ dákun, kí ni èyí máa ṣe fún un?”

“Á kàn rìn ín lára díẹ̀ ni. Á mú un gbọ́ràn.”

“Bó bá jẹ́ díẹ̀ ni, ẹ kọ́kọ́ fi sọ́wọ́ yín kí a wò ó.”

Ọkọ kò kọ̀. Ó di ọ̀já náà mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ó yí i sí nọ́ńbà kékeré, ó tẹ̀ ẹ́. Ó ní kò ju ìgbà tí èèrà bá ń rìn lára ènìyàn lọ. Ìyàwó gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ mọ nọ́ńbà tí ajá tí ń lé ẹran lọ́wọ́ yóò fi gbọ́. Ó yí i sókè, ó tẹ̀ ẹ́. Igbe tí ọkọ ké, àwọn ọmọ tí ó wà lẹ́yìn ilé gbọ́ ọ. Wọ́n sáré dé, wọ́n sì bá bàbá wọn níbi tí ó ti ń fa ọ̀já ajá yọ kúrò lọ́wọ́ ara rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò sí ọmọ tí kò ní rẹ́rìn-ín. Ìyàwó náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni ó sì ti ṣe àṣìṣe. Ọjọ́ mẹ́ta tí a sọ lókè, láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni.

A gbọ́ ẹjọ́ ọkọ, a sì gbọ́ ti ìyàwó, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí bí a bá jókòó ti àwọn méjèèjì pọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín yẹn ni wọ́n máa ń padà sí.

Ọkọ ní ìfẹ́ ajá ni òun fi ṣe é. Òun ti na ajá náà, kò gbọ́. Òun ti so ó mọ́lẹ̀, ó fi gbogbo òru ké, ọ̀bọ sì wọ oko. Òun ti san owó lẹ́ẹ̀mejì. Kí ni ó kù? Bí kúrán díẹ̀ bá lè gba ajá lọ́wọ́ ìbọn, ta ni ìkà níbẹ̀: ẹni tí ó tẹ bọ́tìnnì ni, tàbí ẹni tí ó jókòó tí ó ń ṣàánú títí ajá fi kú? Ó tún sọ ohun kan tí kò rọrùn fún wa láti fèsì sí. Ó ní àtòrì tí gbogbo abúlé ń lò lára ajá, kò sí ẹni tí ó pè é ní ìkà rí. Ṣùgbọ́n nítorí pé èyí ti òkè òkun wá, tí ó sì ní bátìrì, ó di ọ̀ràn.

Ìyàwó ní òun kò sọ pé kí ajá máa pa ẹran ẹlẹ́ran. Ohun tí ó ń dun òun ni pé ajá náà kò ní mọ ibi tí ìyà ti ń wá. Bí ènìyàn bá na ajá, ajá rí ẹni tí ó nà án. Ó lè sá fún un, ó lè bẹ̀bẹ̀ lọ́nà tirẹ̀, kí ó sọ etí sílẹ̀, kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó ju ìrù. Ìyà tí kò ní ojú, tí kò ní ọwọ́, báwo ni ẹ̀dá yóò ṣe bẹ̀ ẹ́? Ó fi kún un pé bí bàbá bá ń fi bọ́tìnnì kọ́ ajá lójú àwọn ọmọ, àwọn ọmọ náà ń kọ́ nǹkan níbẹ̀. A kò bá a dé ìparí ọ̀rọ̀ yẹn. Ajá kì í ṣe ọmọ, kò sì yẹ kí a fi ọkùnrin tí ó fẹ́ kọ́ ajá rẹ̀ wé ẹni tí ń jẹ ọmọ rẹ̀ níyà. A sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ó ní a kò gbé inú ilé òun. Ó tọ̀nà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni ó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí inú ọkọ rọ̀ díẹ̀, ó so ọ̀já náà mọ́ ajá lọ́rùn láìbi ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì, ó dà bí ẹni pé ó ṣiṣẹ́: ajá sáré tọ àgùntàn, ó tẹ̀ ẹ́, ajá ké, ó padà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn àgùntàn ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá. Ọkọ jókòó lábẹ́ igi máńgòrò. Ó rí àgùntàn, ó rí ajá tí ó dìde, ó sì tẹ bọ́tìnnì. Ohun tí kò rí ni ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó gba ìhà kejì bọ̀, tí ó di iṣu sísè mọ́wọ́ tí ó fẹ́ fún ajá náà jẹ. Nítorí ọmọ náà ni ajá ṣe dìde. Bóyá kò tilẹ̀ tíì rí àgùntàn kankan. Bí ojú rẹ̀ ṣe kan ọmọ ni kúrán gbé e. Ó ké, ó yí padà, ó sì fi eyín gé afẹ́fẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ọmọ náà. Eyín rẹ̀ kò kàn án. Iṣu já bọ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí ọmọ náà bá sún mọ́ ọn, ajá á máa kùn.

Àwọn ará ilé kan sọ pé ajá náà ti ya wèrè. Kò ya wèrè. Ẹ̀kọ́ ni ó kọ́, ohun tí ó sì kọ́ ni pé ibi tí ọmọ yìí bá wà, ìrora wà níbẹ̀. Onímọ̀ ará Rọ́ṣíà nì, Ivan Pavlov, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1904, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí ajá, ó sì fi hàn pé ajá máa ń so ohun méjì tí ó bá ń dé pọ̀ mọ́ ara wọn. Bí a bá ń jẹ́ kí ó gbọ́ ìró kan kí oúnjẹ tó dé, láìpẹ́ itọ́ yóò máa dà lẹ́nu rẹ̀ bí ó bá ti gbọ́ ìró náà nìkan. Bí ó ti rí fún oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ìrora. Ajá kò mọ ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó tẹ bọ́tìnnì. Ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá náà ni yóò mú. Ó lè mú àgùntàn. Ó lè mú ìyá àgbà tí ń kọjá lọ, tàbí igi tí ó dúró tì, tàbí ọ̀gá rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní ilẹ̀ Netherlands, onímọ̀ méjì, Schilder àti van der Borg, tẹ ìwádìí kan jáde ní 2004 lórí àwọn ajá ẹ̀ṣọ́ tí a fi ọ̀já oníná kọ́. Wọ́n rí i pé àwọn ajá náà ń fi àmì ìbẹ̀rù hàn ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a kọ́ láìsí i lọ, àní nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ta wọ́n, tí wọ́n kàn ń rìn káàkiri pẹ̀lú olówó wọn.

Ọkọ fetí sí gbogbo èyí, ó wá bi wá ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ó ń ṣiṣẹ́, tàbí kò ṣiṣẹ́? Ìbéèrè àgbẹ̀ nìyẹn, ó sì dára. Ní Yunifásítì Lincoln ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olùwádìí mẹ́ta, China, Mills àti Cooper, fi ajá 63 dán an wò. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2020. Wọ́n pín àwọn ajá náà sí ẹgbẹ́ mẹ́ta, 21 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ó mọ ọ̀já oníná lò dáadáa, tí àwọn tí ń ṣe ọ̀já náà fúnra wọn tọ́ka sí, ni ó fi kúrán kọ́ ẹgbẹ́ kan. Wọ́n kọ́ ẹgbẹ́ kejì láìlo kúrán. Àwọn olùkọ́ mìíràn tí ó gbára lé ẹ̀bùn àti ìyìn kọ́ ẹgbẹ́ kẹta. Wàhálà àwọn ajá náà kò jìnnà sí èyí tí ń da ọkọ láàmú: a pè wọ́n, wọn kò padà. Ọ̀já oníná kò ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ. Àwọn ajá tí a fi ẹ̀bùn kọ́ ni ó yára gbọ́ jù, tí a kò sì ní láti pè léraléra. Ọkọ dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Àwọn ajá òyìnbó nìyẹn.” Ìyàwó ní, “Ọ̀já òyìnbó náà nìyẹn.”

Àbúrò tí ó fi ohun náà ránṣẹ́ kò sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ní oṣù kìíní ọdún 2023, àwọn aṣòfin ní Assemblée nationale ní Paris dìbò fún àbá òfin tí yóò fi òpin sí títà àti lílo irú ọ̀já bẹ́ẹ̀. Wales ti fòfin dè é láti 2010. Ní Jámánì, ilé ẹjọ́ gíga tí ń gbọ́ ẹjọ́ ìṣàkóso ti dájọ́ ní 2006 pé lílò rẹ̀ lára ajá lòdì sí òfin ààbò ẹranko. Ó bí wa nínú díẹ̀ pé ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń ta nù ni wọ́n fi ń ṣe wá lóore, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé àbúrò náà kò ní èrò búburú. Owó rẹ̀ ni ó fi rà á, kì í ṣe kékeré.

Kí a sọ òtítọ́: àwa náà kò fi ohùn ṣọ̀kan. Ọ̀kan nínú wa, ẹni tí ó ti sin ajá ní Parakou fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbà pé ajá tí ìbọn ti ń wo lójú kò ní àkókò fún ẹ̀kọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àti pé bí ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lò bá wà, kí a lò ó lẹ́ẹ̀kan kí a sì gbé e jù. A fi èrò rẹ̀ síbí bí ó ti wà. Ohun tí àwa yòókù dá a lóhùn ni pé ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lò kò sí ní Doguè, kò sí ní Manigri, ìwé kékeré tí ó bá páálí náà wá sì wà ní èdè mẹ́fà tí kò sí tiwa nínú wọn.

Ṣé àwọn bàbá wa kò kọ́ ajá kí kúrán tó dé ni? “Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.” A máa ń pa òwe yìí fún ọmọ alágídí, títí a fi gbàgbé pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Fèrè wà lóòótọ́, ajá sì gbọ́dọ̀ ti mọ̀ ọ́n láti kékeré kí ó tó lè kọ etí ikún sí i. Ọdẹ àgbà kan ní Manigri jókòó pẹ̀lú wa ní ọ̀sán kan, ó sì sọ bí òun ṣe ń ṣe é. Láti ọjọ́ tí ọmọ ajá bá ti lajú tí ó ń jẹun, a kì í gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un kí a má fun fèrè. Oúnjẹ dé, fèrè dún. Fèrè dún, oúnjẹ dé. Nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀lé wa lọ sínú igbó, bí ó bá gbọ́ fèrè tí ó padà, ẹran díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lápò, ìbáà jẹ́ ìwọ̀n ìka. Bí a bá pa ẹran, ìfun ẹran náà ni a kọ́kọ́ fún ajá lójú ẹsẹ̀, kí ó tó di pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹran. A bi í léèrè bóyá kì í na ajá. Ó ní òun ti nà wọ́n rí, nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́, òun kò sì rántí ajá kan tí ó dára sí i nítorí ẹgba. Àwọn tí òun nà jù ni ó kọ́kọ́ sọnù.

Ọ̀já ọrùn wà fún ajá ọdẹ ní ilẹ̀ wa náà. Ṣaworo ni ó wà lára rẹ̀, kí ọdẹ lè máa gbọ́ ibi tí ajá wà nínú koríko gíga. Ìró náà ń lọ láti ọ̀dọ̀ ajá sí ọ̀dọ̀ ènìyàn. A rò ó títí, a sì rí i pé èyí tí ó ti Paris wá ń lọ láti ọ̀dọ̀ ènìyàn sí ọ̀dọ̀ ajá.

Kí a má gbàgbé orúkọ pẹ̀lú. Àwọn àgbà wa a máa fi òwe sọ ajá lórúkọ, kí aládùúgbò tàbí ará ilé tí a ń bá wí lè gbọ́ tirẹ̀ nígbà tí a bá ń pe ajá. Ìyàwó yìí ti halẹ̀ lójú wa pé òun yóò yí orúkọ ajá náà padà sí Ẹ-kọ́kọ́-fi-sọ́wọ́-yín-wò.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkà wa ní Bassila àti ní Manigri jẹ́ Mùsùlùmí, a sì mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè ìdí tí a fi ń fi ojú ewé ṣòfò lórí ajá. Ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí pé Súrà Máídà, ní ẹsẹ 4, fi ààyè gba ẹran tí ajá ọdẹ bá mú, bí ó bá jẹ́ ajá tí a ti kọ́. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ láàárín ajá tí ó mọ̀ọ́ṣe àti èyí tí kò mọ̀. Ìlànà Màlíkì tí ó gbilẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò sì ka ara ajá sí ẹ̀gbin. Ajá oko àti ajá ọdẹ ní ipò tí ó mọ́ gaara. Kíkọ́ rẹ̀ jẹ́ ara ojúṣe ẹni tí ó ni ín, owó àgùntàn tí ọkọ san lẹ́ẹ̀mejì sì ni ẹ̀rí.

Ohun tí a bá tọkọtaya náà fẹnu kò lé lórí kò le. Wọn yóò ra okùn gígùn, bíi mítà mẹ́wàá, kí ajá náà má ṣe dá rìn níbi tí àgùntàn wà títí yóò fi mọ fèrè. Wọn yóò bẹ̀rẹ̀ nínú àgbàlá, níbi tí kò sí ohun tí ń sáré. Wàgáṣì ni wọn yóò fi ṣe ẹ̀bùn, nítorí ajá náà lè ta ilé ọba nítorí wàgáṣì. Èérún rẹ̀ tí kò ṣe é tà ni ìyàwó yóò máa kó pamọ́. Bí ajá bá ń padà lẹ́ẹ̀mẹsàn-án nínú ìgbà mẹ́wàá, kí wọ́n mú un lọ sí ibi tí ó ti lè rí àgùntàn lókèèrè, kí wọ́n sì máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, oṣù lé oṣù. Kí ẹnikẹ́ni má pè é kí ó tún nà án nígbà tí ó bá dé. Kí wọ́n máa pè é lásán pẹ̀lú, kí wọ́n fún un ní nǹkan, kí wọ́n tún jẹ́ kí ó padà sí eré rẹ̀, kí ó má baà rò pé fèrè túmọ̀ sí òpin ìgbádùn. Ọkọ ni yóò lọ bá darandaran náà fúnra rẹ̀, kí ó fi okùn náà hàn án, kí ó sì bẹ̀bẹ̀ fún àkókò. Ó lọ. Darandaran náà fún un títí di ìgbà òjò tí ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ni ó le. Kí ọmọ náà àti ajá má wà pọ̀ láìsí àgbàlagbà nítòsí. Kí ọmọ jókòó lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, kí ó máa ju wàgáṣì sí ajá láti òkèèrè. Kí ẹnikẹ́ni má fa ajá wá, òun fúnra rẹ̀ ni yóò pinnu ìgbà tí yóò sún mọ́ wọn. A sì béèrè ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ajá náà. Kò sí. Gbogbo ìjà tí a ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, lórí ajá tí a kò gún ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 ènìyàn tí dìgbòlugi ń mú, ajá ni ó kó o ran nǹkan bíi 99 nínú wọn; bí àìsàn náà bá sì ti fara hàn lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ń yè é. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, tàbí tí ó fi eyín ha á lásán, kí a fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì gba ilé ìwòsàn lọ ní ọjọ́ náà gan-an, kí a má dúró wo bóyá ajá náà yóò kú. Láti 1885 tí Louis Pasteur ti gún ọmọkùnrin kan tí ajá bù jẹ ní abẹ́rẹ́ ni a ti mọ̀ pé ènìyàn lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí a bá tètè gbà á. Ọkọ gbé ajá náà sẹ́yìn alùpùpù ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn ẹranko ní Bassila, ajá sì fi gbogbo ọ̀nà pọ̀ sí i lára.

A padà lọ kí wọn ní ìgbà tí wọ́n ń ká kajú. Ọ̀já oníná wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, bátìrì rẹ̀ ti kú. Ọkọ ní òun kò jù ú nù, owó ni. Ìyàwó ní kí ó wà níbẹ̀, kí òun máa rí i. Wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, bí tọkọtaya tí ó ti pẹ́ nínú ilé ṣe máa ń sọ ọ́, tí ọ̀kan kì í jẹ́ kí èkejì parí gbólóhùn. Àwọn àgùntàn ń bọ̀ láti ìhà odò. Ajá dìde, okùn nà tán, etí rẹ̀ dúró. Ọkọ ti la ẹnu láti ké mọ́ ọn.

“Ẹ má pariwo, Bàbá àwọn ọmọ. Ẹ fun fèrè.”

Ó fun ún. Ajá wo àgùntàn, ó wo ọkọ, ó tún wo àgùntàn. Ó pẹ́ díẹ̀ lójú gbogbo wa. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó rìn wá, kò sáré, ó gba èérún wàgáṣì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jókòó lé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkọ kò wo ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n a rí i pé ó ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín.

Ọmọbìnrin kékeré náà ń ti ìdáná bọ̀ pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí ó rí ibi tí ajá jókòó sí, ó gba ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ kọjá.